Ọ̀rọ̀ Abẹ́ Ètò fún Ìyá Tí Kì í Gbọ́ Pọ́díkáàsì

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe jẹun kò ṣeé ṣàlàyé ládùúgbò wa ní Ajah. Ẹni tó bá ní télọ̀ lòun, wọ́n á gbé aṣọ wá fún un. Ẹni tó bá ní òun ń tún fóònù ṣe, wọ́n á gbé fóònù wá. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní èmi ni mo ń kọ ọ̀rọ̀ tó máa ń wà lábẹ́ pọ́díkáàsì, wọ́n á wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n á ní, "Olúwa á ṣe é," bí ẹni pé àìsàn ló ń ṣe mí.

Ìyá mi nìkan ló gbìyànjú láti là á yé àwọn èèyàn. Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún obìnrin kan lẹ́nu ọ̀nà wa, wọ́n ní, "Àwọn kan ló ń jókòó sọ̀rọ̀ ní VGC. Tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ tán, ọmọ mi á wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n sọ̀rọ̀." Inú bí mi. Lẹ́yìn náà mo jókòó, mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀, mi ò rí irọ́ kankan níbẹ̀.

Ẹni tó ni ètò náà, Àǹtí ni mo ń pè wọ́n. Lọ́yà ni wọ́n. Wọ́n ya yàrá kan sọ́tọ̀ lẹ́yìn ilé wọn nínú VGC, èsítéètì àwọn olówó tí kò jìnnà sí wa, wọ́n lẹ fóòmù mọ́ ògiri rẹ̀ yíká, wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn méjì sórí tábìlì. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń pe dókítà kan, tàbí olùkọ́ kan, tàbí ẹnikẹ́ni tó bá mọ nǹkan, wọ́n á jọ sọ̀rọ̀ ní Yorùbá nípa ìlera ara àti ìlera ilé, àwọn èèyàn á sì máa gbọ́ ọ lórí fóònù nígbà tó bá wù wọ́n. Ètò náà dáa, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ohun tí kò dáa ni ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀, àwọn ìlà tí èèyàn máa kọ́kọ́ kà kó tó pinnu bóyá òun á gbọ́ àbí òun á kọjá lọ. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbà mí, pé kí n tún un ṣe kó lè ṣeé kà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe bá a. Ó dì gbàràmù, kò sí ìpínrọ̀, kò sí ibi tí ojú ti lè mí. Orúkọ àlejò ló ń ṣáájú. Orúkọ nìkan kọ́ o! Oyè tí wọ́n fi jẹ nílùú rẹ̀, oyè tí ìjọ fi jẹ ẹ́, ìwé ẹ̀rí tó gbà nílé, èyí tó gbà lókè òkun, ẹgbẹ́ tó jẹ́ alága fún, ẹgbẹ́ tó ti jẹ́ alága fún rí. Kó tó kan ohun tó wá sọ, fóònù á ti pa ìyókù mọ́, á ní kí ẹ tẹ ibí kí ẹ lè kà sí i. Ta ló fẹ́ tẹ̀ ẹ́? Orí ń fọ́ èèyàn, ó ń wá ohun tó máa ṣe sí i, oyè ni wọ́n fi pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Mo sọ fún Àǹtí pé ká gé oyè kúrò. Wọ́n wò mí bí ẹni tó ní ká gé orí àlejò. Wọ́n ní àlejò kan ti pè wọ́n rí, tí ohùn ẹ̀ ń gbọ̀n fún ìbínú, torí pé wọ́n kọ "Dókítà" ṣáájú "Olóyè".

"Ìwọ, o fẹ́ kí n pe àgbàlagbà lórúkọ lásán?"

Mo ní, "Rárá mà." Ọmọ Yorùbá lèmi náà, mi ò lè pe àgbàlagbà lórúkọ lásán kódà lójú àlá. Mo ní ká kúkú gbé gbogbo oyè lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá.

"Ìsàlẹ̀ kẹ̀? Kí wọ́n lè ní a fi wọ́n sí ìdí àwo?"

Mo ní, "Àǹtí, ṣebí ìgbẹ̀yìn ni eégún ńlá ń jáde."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n máa wí bẹ́ẹ̀ fún àwọn àlejò. Láti ìgbà náà, gbogbo olóyè tó bá ti wọ yàrá fóòmù yẹn ló ń di eégún ńlá, tí wọ́n sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo mọyì àgbà.

Oyè kúrò lọ́nà, ó wá ku ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Àǹtí ti lọ kọ́ ẹ̀kọ́ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní ará Lekki kì í kà ju ìlà mẹ́ta lọ. Kí n fi àwòrán kéékèèké sí i, iná, ọwọ́, ọkàn pupa. Kí n kọ ìṣẹ́jú tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀. Kí n sì má gbàgbé láti ní kí wọ́n pín in fún ẹni márùn-ún. Wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí." Mo ní tó bá dénú ọmọlúwàbí ńkọ́, kí ló máa dà? Ṣé ọkàn pupa ló máa di odindi? Àǹtí ní ẹnu mi máa pa mí lọ́jọ́ kan. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo ní ẹnu, inú mi sì tètè ń ru. Ẹ fojú sí i lára bí ẹ ṣe ń bá mi lọ.

Ní gbogbo àkókò tí mo ń bá Àǹtí fa ọ̀rọ̀ ìlà mẹ́ta yìí, wàhálà tó ká mi lára ju gbogbo ẹ̀ lọ wà nílé. Ìyá mi ní ẹ̀jẹ̀ ríru.

Èmi àti Màámi la jọ ń gbé. Aláṣọ funfun ni wá, wọ́n bí mi sínú ìjọ ni. Sùtánà ni Màámi ń rán. Ẹ̀rọ ìránṣọ wọn wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ ni, wọn ò sì gbà kí n ra oníná fún wọn. Dókítà ti wò wọ́n, ó ti sọ fún wọn, ó ti kọ oògùn fún wọn, èmi sì ti rà á. Oògùn wà lórí pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí. Tí orí bá fọ́ wọn, wọ́n á lò ó. Tí orí ò bá fọ́ wọn, wọ́n á kí i kọjá. Wọ́n ní àwọn ò lè máa gbé oògùn mì fún àìsàn tí ara àwọn ò mọ̀.

Bẹ́ẹ̀, ọ̀rẹ́ wọn kan wà nínú ìjọ, obìnrin tí wọ́n jọ máa ń to àga lọ́jọ́ ìsinmi. Lẹ́yìn ìsìn ni obìnrin náà jókòó pé òun fẹ́ sinmi díẹ̀. Kò dìde mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni, oògùn tirẹ̀ náà sì wà nílé. Màámi ló rán aṣọ tí wọ́n fi sin ín. Mo rò pé ìyẹn á kọ́ wọn lọ́gbọ́n. Wọ́n sunkún, wọ́n gbààwẹ̀, wọn ò lo oògùn.

Kí ni mo wá ń ṣe? Mò ń pariwo ni. Láàárọ̀ kí n tó jáde, màá ní, "Màámi, ẹ̀yin ò lo oògùn yìí lónìí náà o! Ṣé ẹ fẹ́ kú fún mi ni? Ṣé èmi nìkan lẹ fẹ́ fi sílẹ̀ sílé ayé?" Wọ́n á tẹ ẹ̀rọ wọn lọ gbirigbiri. Wọ́n á ní, "Ariwo rẹ yìí gan-an ló ń gbé e sókè." Màá bínú jáde, màá wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí VGC, màá dúró ní géètì bí àwọn ọlọ́dẹ ṣe ń bi mí pé ta ni mo fẹ́ rí, màá sì lọ jókòó kọ ọ̀rọ̀ ìlera fún àwọn tí mi ò mọ̀ rí. Ẹ̀rín ń pa mí báyìí tí mo bá rántí. Nígbà yẹn kọ́ o.

Ẹ má sọ pé kí n jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ètò náà. Mo gbìyànjú ẹ̀. Mo fi ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ kékeré sí wọn létí. Wọ́n gbọ́ ọ títí Àǹtí fi kí àlejò tán, wọ́n yọ ọ́, wọ́n ní, "Ẹni tí kò rójú mi, kí ló ń bá mi sọ?"

Ó wá di ọjọ́ tí dókítà kan wá sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọkùnrin náà mọ̀rọ̀ọ́ sọ. Ó ní kí ẹni tí wọ́n bá ti sọ fún máa wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó gbé e lọ fún dókítà rẹ̀. Ó ní kí wọ́n dín iyọ̀ kù. Kí wọ́n máa rìn díẹ̀ láràárọ̀. Kí wọ́n lo oògùn lákòókò kan náà lójoojúmọ́, kí wọ́n má dúró de orí fífọ́. Mo jókòó sí kọ̀rọ̀ yàrá fóòmù, ojú ìyá mi ni mo ń rí. Mo sọ sínú ara mi pé ti èyí, kì í ṣe ará Lekki ni mo máa kọ ọ́ fún.

Nílé, mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ. Bí mo ṣe ń ronú pé irú ọ̀rọ̀ wo tiẹ̀ ni Màámi máa ń kà tí wọ́n á sì ṣe, ó sọ sí mi lọ́kàn. Ìwé ìran ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kì í ṣe ti wa. Nínú ìjọ wa, tí Ẹ̀mí bá gbé aríran, á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Òmíràn á máa sáré sọ ọ́, òmíràn á kọrin láàárín, òmíràn á sunkún. Ẹnì kan á jókòó tì í pẹ̀lú bébà àti bírò, á máa kọ ọ́. Mo ti ṣe iṣẹ́ yẹn láti kékeré, torí pé mo ń tètè kọ̀wé. Tí ìsìn bá parí, a ó fi bébà náà lé ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn lọ́wọ́. Bébà yẹn kì í kí ẹnikẹ́ni, kì í pe oyè ẹnikẹ́ni. Á sọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Á sọ ohun tí a rí, ní ìlà kan. Á wá sọ ohun tí ẹni náà máa ṣe, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí ìlà tirẹ̀: Sáàmù tó máa kà, iye àbẹ́là, iye ọjọ́. Mi ò tíì rí ẹni tó ka ìwé ìran tán kó béèrè pé kí wá ni kí òun ṣe. Ẹni tí kò mọ̀wé gan-an, tí wọ́n bá kà á fún un lẹ́ẹ̀kan, ó ti gbé e.

Mo kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru bẹ́ẹ̀.

"Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn: ẹ̀yin tí wọ́n ti sọ fún pé ẹ̀jẹ̀ yín ń ru.

Ohun tó wà níbẹ̀: ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dunni kó tó gbéni ṣubú.

Ohun tí ẹ ó ṣe fún ọ̀sẹ̀ kan: ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa wọn ẹ̀jẹ̀ yín láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ lo oògùn yín tí ẹ bá ti jẹun àárọ̀. Ẹ dín iyọ̀ kù. Ẹ rìn díẹ̀ kí oòrùn tó mú. Ẹ pín ọ̀rọ̀ yìí fún ẹni márùn-ún."

Èyí tó kẹ́yìn yẹn, Àǹtí ló ni ín. Orúkọ dókítà àti oyè rẹ̀ tẹ̀ lé e, eégún ńlá.

Ọ̀rọ̀ náà jáde láàárọ̀, kó tó di ìrọ̀lẹ́ ó ti dé gúrúùpù àwọn ìyá ìjọ lórí fóònù. Mi ò mọ ẹni tó gbé e síbẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé lọ́jọ́ kejì, Màámi jẹ ẹ̀kọ tán, wọ́n nu ẹnu, wọ́n lọ síbi dígí, wọ́n mú oògùn, wọ́n gbé e mì. Kò sẹ́ni tó bá wọn sọ ọ́. Wọ́n fa ẹ̀rọ ìwọn-ẹ̀jẹ̀ tí mo ti rà látijọ́ yọ nínú páálí, wọ́n so ó mọ́ apá. Mo dákẹ́ bí ẹni tí adìẹ ń yé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí kò fẹ́ kó sá.

Wọ́n ń rìn. Wọ́n ń wọn ẹ̀jẹ̀. Ọbẹ̀ ilé wa di omi ìfọwọ́, mo sì ń lá a, mo ń ní ó dùn. Ti ẹni márùn-ún yẹn, Màámi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pín nǹkan lórí fóònù, wọ́n fẹsẹ̀ pín in ni. Wọ́n gbé fóònù lọ bá alágbàfọ̀. Wọ́n gbé e lọ bá ìyá tó ń ta òwú ìránṣọ. Wọ́n dá oníkẹ̀kẹ́ kan dúró ní ìdíkọ̀, wọ́n ka gbogbo ẹ̀ sí i létí, àwọn èrò ẹ̀yìn ń pariwo pé àwọn ń pẹ́. Oníkẹ̀kẹ́ ní, "Màmá, ẹ̀jẹ̀ mi ò ru o." Màámi ní, "Báwo lo ṣe mọ̀?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ń yangàn. Mo ń rìn ní Ajah bí ẹni tó jogún Ajah.

Ọ̀sẹ̀ náà pé. Màámi wọ sùtánà tó funfun jù, wọ́n lọ sílé ìjọsìn láìwọ bàtà bí a ṣe ń ṣe, wọ́n gbé èso àti àbẹ́là dání, wọ́n lọ dúpẹ́. Wọ́n bọ̀, wọ́n pín ọsàn fún àwọn ará ilé. Èmi náà jẹ. Ọsàn náà dùn gan-an ni.

Láti ọjọ́ kejì ni mo ti ń rí i pé oògùn ò dín. Mo wò ó láàárọ̀, mo wò ó lálẹ́, bó ṣe wà ló wà. Ọbẹ̀ wa padà níyọ̀. Mo ní, "Màámi, oògùn ńkọ́?"

Wọ́n ní, "Mo ti parí ẹ̀."

"Ẹ parí kí ni?"

"Iṣẹ́ tí wọ́n ní kí n ṣe. Ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n kọ. Mo ṣe é pé, mi ò fo ọjọ́ kankan, mo sì ti lọ dúpẹ́. Kí ló tún kù?"

Mo pariwo lọ́jọ́ yẹn débi pé àwọn ará ilé yọjú. Mo ní ọ̀rẹ́ yín ńkọ́, ṣé ẹ ti gbàgbé ẹ̀? Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n sọ ọ́, mo sọ ọ́. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Màámi ò pariwo padà. Wọ́n na fóònù sí mi, wọ́n ní, "Kà á." Mo kà á. Olúwa mi ò! Bí wọ́n ṣe wí gan-an ló wà. Dókítà ní ká wọn ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Èmi ti gbé ọ̀sẹ̀ kan sórí gbogbo ẹ̀, ó bo oògùn, ó bo iyọ̀, ó bo ìrìn. Ará Lekki á kà á, á fi òye gbé e. Ṣùgbọ́n aláṣọ funfun mọ̀ pé iṣẹ́ tí wọ́n bá dá ọjọ́ fún, tí ọjọ́ bá ti pé, ó ti parí nìyẹn. Tí èèyàn bá tún ń bá a lọ lẹ́yìn ìdúpẹ́, àìnígbàgbọ́ ni.

Mo bínú jókòó sí ẹ̀yìn ilé. Ohun tó yọ mí ni pé mo rí Màámi tí wọ́n ń yọ bàtà wọn sí ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó wọ sùtánà fún ìpàdé àdúrà. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n pé ọjọ́ mélòó ni wọ́n máa fi yọ ọ́. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́, òfin ni. Gbogbo wa nínú ìjọ la mọ̀ pé iṣẹ́ ní òpin, òfin ò ní.

Mo tún ọ̀rọ̀ náà kọ. Mo pín in sí méjì. Lábẹ́ Iṣẹ́, mo fi ẹ̀jẹ̀ wíwọ̀n sí, ọ̀sẹ̀ kan. Lábẹ́ Òfin, mo kọ ọ́ pé: "Ẹ lo oògùn yín lójoojúmọ́, bí ara yá, bí ara ò yá, títí dókítà yín á fi sọ nǹkan mìíràn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa dín iyọ̀ kù. Ẹ máa rìn." Mo bi dókítà, ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an lòun fẹ́ sọ ọ́. Mo gbé e jáde pé a ti ṣàtúnṣe. Màámi gba fóònù, wọ́n kà á, wọ́n ń mi orí.

"Ẹn-ẹ́n. Òfin ni. Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀."

Wọ́n dìde lọ síbi dígí.

Láti ìgbà náà, gbogbo ètò Àǹtí ló ń ní Iṣẹ́ àti Òfin lábẹ́. Àwọn tó ń gbọ́ fẹ́ràn ẹ̀. Wọ́n ń kọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ wá ń yé àwọn. Wọ́n bi Àǹtí pé níbo ni wọ́n ti kọ́ irú ètò báyìí, Àǹtí ní lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni. Bó ṣe rí nìyẹn títí ọkùnrin kan tó ń gbé ní èsítéètì kan ní Ìkàtè fi kọ ọ́ sábẹ́ ètò wa pé: "Ṣé pọ́díkáàsì nìyí àbí ìwé ìran àwọn aláṣọ funfun? Ẹ ò kúkú ní ká gbé àbẹ́là wá." Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín tẹ̀ lé e. Ẹ̀rín pọ̀.

Àǹtí pè mí sí yàrá fóòmù, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ní kí n padà sí ìlà mẹ́ta àti ọkàn pupa. Mo ní, "Àǹtí, ṣebí ẹ sọ pé ó dáa. Ṣé ẹ ò mọ̀ pé ìwé ìran ni mo wò kọ ọ́?"

Wọ́n wojú mi tààrà. Wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀, nínú yàrá tí fóòmù gbé gbogbo ariwo mì. Wọ́n ní, "Mo mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ kìíní ni mo ti mọ̀ ọ́n. Sùtánà ni mo wọ̀ dàgbà. Kí ló wá dé tó o fi jẹ́ kí àwọn náà mọ̀ ọ́n?"

Ó tán. Ọ̀gá lọ̀gá ń jẹ́. Mo gbé báàgì mi, mo jáde, mo sọ ọ̀rọ̀ burúkú sí ọ̀nà dídán VGC láti ilé wọn títí dé géètì.

Ṣùgbọ́n Màámi ńkọ́? Tí ìyá mi bá rí i pé ọ̀rọ̀ náà ò jáde bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ṣé wọn ò ní sọ pé wọ́n ti gbé òfin kúrò? Tí ẹnìkan bá wá sọ fún wọn nínú ìjọ pé kì í ṣe ìran rárá, pé ọmọ yín ló tàn yín ńkọ́? Mo pinnu pé kí wọ́n tètè gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo bá wọn, wọ́n ń ṣẹ́ etí aṣọ. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ.

Mo ní, "Màámi, ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn, kì í ṣe ìran o. Kò sí aríran tó rí i. Dókítà ló sọ ọ́, èmi ni mo kọ ọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má torí ìyẹn pa oògùn tì."

Màámi dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ. Wọ́n wò mí. Ẹ̀rín ló bú jáde lẹ́nu wọn, ẹ̀rín tí mi ò gbọ́ láti ọjọ́ tí ọ̀rẹ́ wọn ti lọ.

"Ṣé Ẹ̀mí Mímọ́ lo rò pé ó ní kí n pín in fún ẹni márùn-ún? Kí wọ́n tó bí ọ ni mo ti ń gbọ́ ìran. Ìgbà tí mo ka ìlà kìíní ni mo ti mọ̀ pé ìwọ ni. Oníkẹ̀kẹ́ yẹn gan-an, mo sọ fún un pé ọmọ mi ló kọ ọ́."

Mo ní, "Ẹ mọ̀? Kí ló wá dé tí ẹ fi ṣe é?"

Wọ́n fa òwú já. Wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Dókítà pè mí, ó ní ẹ̀jẹ̀ mi ru, ó kọ oògùn, ó parí síbẹ̀. Ìwọ, ojoojúmọ́ lo ń ní mo fẹ́ kú fún ọ. Àárọ̀ kùtù, ikú. Ọ̀rọ̀ abẹ́ ètò yẹn ló kọ́kọ́ sọ ohun tí mo máa ṣe fún mi, tí kò sì bú mi. Ó ní 'ẹ jọ̀wọ́'. Mo wá ń rò ó pé o mọ̀ ọ́n sọ báyìí, àwọn ará VGC lo lọ ń sọ ọ́ fún."

Mo dìde, mo lọ bu omi sínú ife, mo mú oògùn lórí pẹpẹ, mo padà wá kúnlẹ̀.

Mo ní, "Màámi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ lo oògùn yín."

Wọ́n gba omi, wọ́n mu ún. Wọ́n dá oògùn padà sí mi lọ́wọ́.

"Mo ti lò ó láàárọ̀," wọ́n ní. "Ṣùgbọ́n tún un sọ."